Bí ẹ ṣe lè kó ọmọ méjìdínláàádọ́ta wọ oko láìsí bọ́ọ̀sì

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Sáyẹ́ǹsì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ JSS 2 ní ilé ìwé ìjọba kan nítòsí Ìperu. Ọmọ méjìdínláàádọ́ta ni wọ́n. Mo fẹ́ kí wọ́n mọ igbó, odò àti ẹranko àdúgbò wa, kí wọ́n sì mọ bí a ṣe ń tọ́jú wọn, ṣùgbọ́n inú ìwé nìkan la ti ń rí gbogbo rẹ̀. Ó wù mí kí n kó wọn lọ sí Igbó Ọmọ̀ lọ wo erin. Ọ̀gá wa ní kò sí owó bọ́ọ̀sì, ẹ̀rù ejò sì ń ba àwọn òbí. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Tíṣà wa, ẹ kú làálàá àwọn ọmọ. Ẹ má bínú sí mi, ọ̀dọ̀ ọ̀gá yín ni mo máa kọ́kọ́ dúró sí. Bí owó bọ́ọ̀sì bá tilẹ̀ wà lọ́la, èmi ò ní gbà yín níyànjú pé Ọmọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ.

Igbó Ọmọ̀ kì í ṣe ibi yẹpẹrẹ o. Láti ọdún 1925 ni ìjọba ti yà á sọ́tọ̀. Ó fẹ̀ ju 1,300 kìlómítà onígun mẹ́rin lọ, UNESCO sì kà á mọ́ àwọn igbó tí gbogbo ayé ń fojú sí lára ní 1977. Erin ṣì wà níbẹ̀, erin inú igbó, irú èyí tí IUCN, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ìdáàbòbò ẹ̀dá, kéde ní 2021 pé díẹ̀ ló kù kó run tán. Ṣùgbọ́n ẹ fojú inú wo ọjọ́ náà. Ẹ gbéra láàárọ̀, ẹ dé àdúgbò J4 nínú igbó náà nígbà tí oòrùn ti mú, ọmọ méjìdínláàádọ́ta bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú orin lẹ́nu. Erin wo ló máa dúró gbọ́ orin? Ohun tí wọ́n máa rí ni igi Gmelina ní ìlà-ìlà, èyí tí wọ́n gbìn torí ilé iṣẹ́ pépà tí wọ́n kọ́ sí Ìwòpìn, àti oko kòkó tó ti jẹ wọ inú igbó. Ẹ̀kọ́ ńlá wà nínú ìyẹn náà, àmọ́ ọmọ tí kò mọ bí abẹ́ igi obì bàbá bàbá rẹ̀ ṣe rí, kò ní mọ ohun tó ti sọnù lábẹ́ Gmelina. Igi ló máa kà sí igi. Á mu kóòkì, á sùn nínú ọkọ̀, ó parí.

Ohun tí mo máa ní kí ẹ ṣe ni pé kí ẹ wá ibì kan ṣoṣo tí ẹ lè fẹsẹ̀ rìn dé láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ sì máa padà síbẹ̀ ní gbogbo ọdún. Ibì kan náà ni mo wí. Ẹ lọ nígbà àkọ́rọ̀ òjò, ẹ lọ nígbà tí òjò ti fi ilẹ̀ ṣe ẹrẹ̀, ẹ lọ nígbà ọyẹ́. Ọmọ tó rí ilẹ̀ kan nígbà mẹ́rin lọ́dún á bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ohun tí ìwé kò bi í, torí pé ó ti rí i bó ṣe rí tẹ́lẹ̀.

Fún ẹ̀yin ará Rẹ́mọ, ibi tó rọrùn jù ni oko obì. Ṣágámù àti àwọn ìlú tó yí i ká ni ilé gbànja, ẹ̀yin náà sì mọ ọkọ̀ tó ń kó o gòkè ọya. Àwọn oko obì àgbà tí ẹnikẹ́ni kì í túlẹ̀ abẹ́ wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di igbó: ibòji wà, ewé ń já bọ́ lé ewé lórí, nǹkan ẹlẹ́mìí sì kún ibẹ̀. Ẹ bẹ òbí kan tó ní irú rẹ̀. Ẹ rí i dájú pé olóko mọ̀, kó sì wà níbẹ̀ ní ọjọ́ àkọ́kọ́, kí ẹnì kan má lọ fi ọmọ olọ́mọ pe olè obì.

Ohun èlò yín ni okùn. Ẹ gé okùn tó fi díẹ̀ ju mítà mẹ́rin lọ, ẹ so orí rẹ̀ pọ̀, ẹ fi èèkàn mẹ́rin nà án mọ́lẹ̀, ó di mítà kan níbùú, mítà kan lóròó. Okùn mẹ́jọ, ẹgbẹ́ mẹ́jọ, ọmọ mẹ́fà-mẹ́fà. Ẹ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan níṣẹ́, torí ọmọ tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ ló ń lọ ju òkò lu àgbálùmọ̀. Méjì á máa ṣí ewé, ẹnì kan á máa kà, ẹnì kan á máa kọ ọ́ sílẹ̀, ẹnì kan á máa yàwòrán. Ẹni kẹfà kò gbọ́dọ̀ wo inú okùn rárá: tirẹ̀ ni kó máa wo ilẹ̀ yíká bóyá ìjàlọ ń bọ̀. Ẹ má fi iṣẹ́ yẹn ṣeré. Ìjàlọ ló ń tú kíláàsì inú oko ká, kì í ṣe ejò.

Kí wọ́n tó fọwọ́ kan nǹkan kan, kí wọ́n kọ déètì, aago, àti bójú ọjọ́ ṣe rí. Lẹ́yìn náà kí wọ́n fi igi kékeré ṣí ewé náà ní ìpele-ìpele. Èyí tó wà lókè pátápátá gbẹ, àwọ̀ rẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ó ń dún bí wọ́n bá ti kàn án. Èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀ ti rọ̀, ihò ti wà lára rẹ̀, nǹkan ti ń jẹ ẹ́. Ní ìpele kẹta, ara ewé ti tán, iṣan rẹ̀ ló kù bí àwọ̀n, fọ́nrán funfun tẹ́ẹ́rẹ́ sì nà láàárín wọn. Olú nìyẹn, kó tó yọ orí síta. Ìsàlẹ̀ ìyẹn, ewé kò sí mọ́, ilẹ̀ dúdú ló kù, ó tutù, ó fúyẹ́ lọ́wọ́. Ọ̀kùn á ká jọ, aláǹtakùn á fẹsẹ̀ fẹ, ekòló á máa wá ibi tó máa wọ̀, ẹ ó sì rí ìgbín wẹ́wẹ́ tí kò tó èékánná ọmọ ọwọ́. Kí wọ́n ka gbogbo rẹ̀. Orúkọ tí wọ́n ń pè é nílé ni kí wọ́n kọ. Èyí tí kò bá ní orúkọ lẹ́nu wọn, kí wọ́n yà á.

Ìgbà yẹn ni kí ẹ wá béèrè pé: ewé tó já bọ́ lórí ilẹ̀ yìí láti ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, ta ló kó o lọ? Kò sẹ́ni tó ń gbá abẹ́ obì yìí. Ẹ pa ẹnu mọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n jà sí i. Mo ti rí kíláàsì tó lo gbogbo àkókò tó kù lórí ìbéèrè yìí nìkan, tí ẹnì kan ń sọ pé ìjì ni, tí èkejì ń sọ pé omi òjò ni, títí ọmọbìnrin kan fi na ìka sí ewé tó ti di àwọ̀n tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Olùkọ́ kò sọ nǹkan kan. Irú olùkọ́ yẹn ni mo fẹ́ràn.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ na okùn kan náà sí ibi méjì mìíràn. Àkọ́kọ́ ni pápá bọ́ọ̀lù ilé ìwé tí wọ́n ń fi ìgbálẹ̀ gbá láràárọ̀. Èkejì ni ibi tí ewé Akíntọ́lá ti gba gbogbo ilẹ̀. Ẹ̀yìn ilé ìwé ìjọba kì í ṣaláìní in. Ewéko yẹn kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ wa, apá Amẹ́ríkà ló ti wá. Àwọn onímọ̀ ewéko gbà pé ó dé Nàìjíríà ní nǹkan bí ọdún 1937, nígbà tó bá irúgbìn Gmelina wọlé láti Sri Lanka. (Àwọn kan ń pè é ní ewé Awólọ́wọ̀. Tí ẹ bá kó àwọn ọmọ gba Ìkẹ́nnẹ́ kọjá, ẹ rọra yan èyí tí ẹ máa pè é.) Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan fi iye ohun tí wọ́n kà níbi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ẹ má sọ èsì fún wọn kí wọ́n tó kà á.

Tí òbí kan bá wá ní eré lásán ni, ẹ sọ ọ̀rọ̀ kòkó fún un, torí púpọ̀ nínú wọn ló ní kòkó sí ọ̀nà Ìjẹ̀bú. Òdòdó kòkó kéré, oyin kì í sì í tọ́jú rẹ̀. Kòkòrò bíńtín kan tó dà bíi kantíkantí ló ń gbé ìyẹ̀fun rẹ̀ láti òdòdó dé òdòdó, inú ewé tó ń jẹrà lábẹ́ igi àti èèpo kòkó tó ti rà ni ìdin rẹ̀ sì ń dàgbà. Àgbẹ̀ tó gbá abẹ́ kòkó rẹ̀ mọ́ tónítóní, tó sun gbogbo ewé níná, ó ti sun ilé ẹni tó ń bá a ṣiṣẹ́. Òdòdó á yọ dáadáa, púpọ̀ nínú rẹ̀ á sì gbẹ láìdi èso. Bàbá tó gbọ́ ìyẹn kì í tún pè é ní eré.

Èyí mú mi dé orí ọ̀rọ̀ kan tó máa fa ìjà díẹ̀ fún yín. Gbogbo ilé ìwé wa ló ń gbálẹ̀. A fi ìgbálẹ̀ tọ́ wa dàgbà, ilẹ̀ tí a kò gbá sì ń jọ ọ̀lẹ lójú wa. Síbẹ̀, ẹ tọrọ igun kan lọ́wọ́ ọ̀gá yín, kó má ju ìwọ̀n kíláàsì kan lọ, lẹ́yìn ilé, níbi tí igi bá wà, kí ẹnikẹ́ni má gbá a mọ́ fún ọdún kan. Ẹ ṣe ọgbà kékeré yí i ká, ẹ kọ ọ́ sára pátákó pé kíláàsì JSS 2 ló ń ṣe ìwádìí níbẹ̀, kí alábòójútó tó bá wá láti ọ́fíìsì má baà rò pé ìdọ̀tí ni. Pátákó yẹn ṣe pàtàkì ju bí ẹ ṣe rò lọ. Mo mọ ibi tí alágbàṣe ti fi àdá gé irú igun bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀ ní ọjọ́ kan ṣoṣo torí pé kò sí ohun tó sọ fún un.

Odò ló kàn. Bóyá Ìbú lẹ sún mọ́ ni o, bóyá ìṣàn kékeré kan tí ìlú nìkan mọ orúkọ rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló dára. Àwọn ọmọ kò gbọ́dọ̀ wọ inú omi. Àtọ̀sí ajá, àìsàn tó ń mú ọmọ tọ ẹ̀jẹ̀, kò tíì tán ní ìpínlẹ̀ Ògùn, inú omi tó dúró tàbí tó ń rọra ṣàn ni ọmọ ti ń kó o. Àgbàlagbà tó wọ bàtà òjò ni kó lọ bu omi, kó fi asẹ́ gààrí gbọn abẹ́ gbòǹgbò etídò àti ewé tó dì sí ẹ̀gbẹ́ kan, kó dà á sínú abọ́ funfun lórí ilẹ̀ gbígbẹ, kí wọ́n yí abọ́ náà ká. Abọ́ funfun ni kó jẹ́, ohun tó dúdú kì í ṣeé rí nínú abọ́ aláwọ̀. Fún bí ìṣẹ́jú kan wọn ò ní rí nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ni ẹrẹ̀ inú abọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn: ọmọ lámilámi tí kò tíì níyẹ̀ẹ́, kòkòrò pẹlẹbẹ kan tó ní ìrù mẹ́ta, ìdin ẹ̀fọn, ìṣáwùrú, nígbà míì aràn pupa fòò tó ń yí ara po. Ẹ ṣọ́ méjì nínú wọn: onírù mẹ́ta kì í lè gbé inú omi tí afẹ́fẹ́ ti tán nínú rẹ̀, aràn pupa sì lè gbé ibi tí gbogbo ìyókù ti kú. Tí ẹ bá rí èyí àkọ́kọ́ dáadáa, omi yẹn ṣì ń mí. Tó bá jẹ́ aràn pupa nìkan ló kún abọ́ yín, ẹ máa tọ odò náà gòkè, ẹ wá ohun tó ń wọ inú rẹ̀.

Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, ẹ̀ẹ̀kan kọ́ lẹ máa tọ ọ́ dé ibi tí wọ́n ti ń fún gààrí. Gààrí Ìjẹ̀bú kan ni torí pé ẹ̀gẹ́ náà pẹ́ nínú àpò kí wọ́n tó yan án, omi tó sì ń kán lára àpò yẹn kan gógó, oró sáyánáìdì tó wà nínú ẹ̀gẹ́ tútù sì bá a jáde. Ẹ lọ wo ibi tó ń ṣàn gbà. Koríko ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á ti pọ́n, ojú ọ̀nà omi náà á ti pá, ilẹ̀ á máa yọ̀, eṣinṣin nìkan ló ń ṣọdún níbẹ̀. Tó bá wọ odò kékeré nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí omi kò pọ̀, ẹja á léfòó.

Ẹ kò nílò ohun èlò ilé àyẹ̀wò láti fi hàn wọ́n. Ẹ ra ìṣápá pupa tí wọ́n fi ń ṣe sóbò, ẹ sè é láìfi ṣúgà sí i, ẹ jẹ́ kó tutù. Ẹ pín omi rẹ̀ sínú ife ṣíṣí, ẹ fi omi kún un kó lè mọ́lẹ̀ díẹ̀. Tí wọ́n bá kán ọsàn wẹ́wẹ́ sí ọ̀kan, á pọ́n sí i. Tí wọ́n bá da omi eérú sí èkejì, á yí padà di aláwọ̀ ewé. Nígbà tí wọ́n ti rí méjèèjì yìí, kí wọ́n wá fi omi tí ẹ bù lókè ibi gààrí àti èyí tí ẹ bù nísàlẹ̀ rẹ̀ dán an wò, pẹ̀lú èyí tó ń kán lára àpò gan-an. Àgbàlagbà ni kó bu èyí tó kẹ́yìn yìí, kí wọ́n sì fọ ọwọ́.

Ẹ kíyè sára níbí. Àwọn ìyá tó ń yan gààrí náà ni ìyá àwọn ọmọ tó wà ní kíláàsì yín. Ẹni tó bá sọ àwọn ọmọ di adájọ́ lórí ìyá wọn ti ba gbogbo iṣẹ́ jẹ́. Kí ẹ̀yin fúnra yín kọ́kọ́ lọ kí wọn, kí ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ ṣe, kí ẹ sì mú ohun tó ṣeé ṣe lọ́wọ́ dání. Kòtò tó jìnnà sí odò àti sí kànga, tí wọ́n gbẹ́ síbi tí oòrùn ń tà sí, tó lè gba omi náà kó dúró fún ọjọ́ mélòó kan, á dín oró rẹ̀ kù gan-an, torí sáyánáìdì máa ń bá afẹ́fẹ́ lọ. Ìyá kan tí wọ́n fi ẹ̀sọ̀ bá sọ̀rọ̀ lè gbẹ́ kòtò náà kí ìjọba tó mọ̀ pé ìṣòro wà. Ìtọ́jú àyíká tí àwọn ọmọ fojú rí nìyẹn: wọ́n ka kòkòrò ṣáájú kòtò, wọ́n á tún kà á lẹ́yìn oṣù mẹ́ta.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan ti ní kí ẹ ṣe ọjọ́ ìgbingi. Gbogbo ilé ìwé ló ń ṣe é. Ọ̀gá á wá, wọ́n á ya fọ́tò, ọmọ ọgọ́rùn-ún á gbin igi ọgọ́rùn-ún, nígbà tó bá fi máa di oṣù kejì ọdún, igi mẹ́ta ló kù, ewúrẹ́ sì ń wo ìyẹn náà. Èmi ò fẹ́ràn rẹ̀. Tí ẹ bá máa gbin igi, ẹ gbin díẹ̀, ẹ gbìn ín ní oṣù karùn-ún tàbí ìkẹfà. Àwọn ọmọ á wà nílé fún ìsinmi gígùn nígbà tí òjò ṣì ń rọ̀, kò sẹ́ni tó nílò láti pọnmi; láti Dìsẹ́ńbà sí oṣù kẹta ni ikú igi, ìgbà yẹn sì ni wọ́n wà ní ilé ìwé tí wọ́n lè bomi rin ín. Ẹ jẹ́ kí ọmọ méjì ni igi kan, kí wọ́n máa wọn gíga rẹ̀ lóṣooṣù.

Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ gbin ìrókò ńkọ́? Kò burú, ṣùgbọ́n ẹ má tò ó sínú oòrùn ní ìlà bí ọmọ ogun. Kòkòrò kan tí wọ́n ń pè ní Phytolyma máa ń yé ẹyin sára ewé ìrókò kékeré, ewé náà á wú kókó-kókó, orí igi á sì kú dànù. Ohun tí àwọn onígbó fi ń ráhùn lórí gbíngbin ìrókò nìyí. Inú ibòji díẹ̀, láàárín igi oríṣiríṣi mìíràn, ló ti ń rójú dàgbà. Tí kókó bá sì yọ lára tiyín, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ni: ẹ jẹ́ kí wọ́n fi abẹ́ la ọ̀kan, kí wọ́n wo onílé inú rẹ̀.

Ti ẹranko. Wọn ò ní rí ọ̀yà lọ́sàn-án, ẹ má fi tàn wọ́n. Ipasẹ̀ rẹ̀ ni kí wọ́n wá. Ẹ bá ọdẹ tàbí àgbẹ̀ kan sọ̀rọ̀, kí ó mú yín dé ojú ọ̀nà tí ẹran ń gbà nínú oko. Ẹ tú iyanrìn tó kúná sílẹ̀ níbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ẹ fi pákó tẹ́ ẹ kó dán. Láàárọ̀ kí oòrùn tó mú, ẹ kó ẹgbẹ́ kan lọ. Òkété, ọ̀yà, ẹtu, ọmọ aráyé pẹ̀lú, gbogbo wọn ló ń fi orúkọ sílẹ̀. Ọdẹ á sọ èyí tó ń rìn àti èyí tó ń sáré, á sọ èyí tó kọjá lẹ́yìn tí ìrì sẹ̀. Àwọn onímọ̀ kan kì í fẹ́ kí ọdẹ dé ilé ìwé, wọ́n ní òun ló ń pa ẹran tán. Èmi ò bá wọn lọ níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ iye tó kù bí ẹni tó ń wá a, ọdẹ àgbà tí ọmọ ń bi léèrè ìdí tí ẹtu fi wọ́n sì máa ń dáhùn òótọ́. Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ bẹ̀ ẹ́: kó fi ibi tí tàkúté wà hàn yín kí ọmọ kankan tó wọ oko.

Ẹ rán wọn níṣẹ́ ilé lórí igún. Kí wọ́n bi ìyá àgbà àti bàbá àgbà léèrè ibi tí igún ń bà sí ní ìlú yín nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, iye tí wọ́n máa ń rí lẹ́ẹ̀kan náà ní ibi ìpẹran, àti ìgbà tí wọ́n rí i kẹ́yìn. Ó ya ọmọ lẹ́nu láti gbọ́ pé igún máa ń kún orí òrùlé. IUCN ka igún ìlú wa yẹn mọ́ àwọn ẹyẹ tó sún mọ́ àkúrun jù lọ ní 2015, ohun tó sì fà á kò ṣàjèjì sí wa: pípa á fún oògùn, májèlé, àti gígé àwọn igi ńlá tó ń kọ́ ilé sí. Ìdáhùn ogójì ilé, tí ẹ bá tò ó pọ̀ sára bébà kádíbọ́ọ̀dù kan, àkọsílẹ̀ gidi ni.

Ó kù igbó Orò, mo sì mọ̀ pé ẹ máa béèrè. Àwọn igi tó tóbi jù ní ọ̀pọ̀ ìlú wa, inú igbó bẹ́ẹ̀ ló wà, torí èèwọ̀ kò jẹ́ kí ọwọ́ àáké dé ibẹ̀. Ẹ má wọ ibẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọbìnrin kankan sún mọ́ ọn. Nígbà Agẹmọ pẹ̀lú, tí wọ́n bá ti ní kí obìnrin wọlé, kò sí ìwádìí tó tó ìyẹn. Láti ojú títì ẹ lè ka igi tó yọ orí ju àwọn tó kù lọ, kí ẹ ka ẹyẹ tó ń wọlé tó ń jáde, kí ẹ fi wé ibi tí igi kò sí. Tí ẹ bá fẹ́ mọ orúkọ igi inú rẹ̀, ẹ lọ bá àwọn tó ni ibẹ̀. Wọ́n á sọ ohun tó ṣeé sọ.

Nípa ẹ̀rù ejò, ẹ má sọ fún òbí pé kò sí ejò. Ẹ sọ ohun tí ẹ máa ṣe. Bàtà tó bo ẹsẹ̀, ṣòkòtò gígùn tí ìbọ̀sẹ̀ ká mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, kò sí ẹni tó máa ki ọwọ́ bọ ihò tàbí gbé igi ṣíṣubú láìfi ọ̀pá yí i, àgbàlagbà kan fún ọmọ mẹ́jọ-mẹ́jọ. Tó bá ṣẹlẹ̀ pé ejò bu ẹnì kan ṣán, kí wọ́n má gé ojú rẹ̀, kí wọ́n má fi ẹnu fà á, kí wọ́n má fi okùn dè é le. Kí ọmọ náà má rìn, kí wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù kíá. Nítorí náà, kí ẹ tó kó wọn jáde ni kí ẹ ti mọ ọkọ̀ tó máa gbé e àti ọsibítù tó ní oògùn ejò. Tí ààrá bá ti ń sán, ẹ máa bọ̀ nílé. Ẹ kọ gbogbo èyí sínú lẹ́tà, kí òbí fọwọ́ sí i. Òbí tó rí i pé ẹ ti ronú lórí rẹ̀ kì í sábà kọ̀.

Fún ọ̀gá yín, ọ̀rọ̀ mìíràn ni. Ẹ rán an létí pé ní SS, WAEC máa béèrè ìmọ̀ àyíká, okùn mítà kan náà yìí ni wọ́n sì ń fi kọ́ ọ. Àwọn ọmọ yín á ti mọ̀ ọ́n lọ́wọ́ kí wọ́n tó dé ibẹ̀. Tó bá ní ilé ìwé kì í ṣe ibi iṣẹ́ oko, ẹ na ìka sí Ìkẹ́nnẹ́. Láti 1956 tí Tai Solarin ti dá ilé ìwé Mayflower sílẹ̀ níbẹ̀ ni àwọn ọmọ ibẹ̀ ti ń roko, tí wọ́n ń sin ẹran, tí wọ́n sì ń kẹ́kọ̀ọ́ jáde láìsí ẹni tó rẹ́rìn-ín sí wọn.

Ọ̀rọ̀ kan tí ẹ kò béèrè, ṣùgbọ́n tó máa dé bá yín ní ọjọ́ àkọ́kọ́: ọmọ kan á gbé kòkòrò tí ẹ kò rí rí wá. Ẹ má pe orúkọ tí kò dá yín lójú. Ẹ jẹ́ kó yà á, kó ka ẹsẹ̀ rẹ̀ àti ìyẹ́ rẹ̀, kó kọ ibi tó ti rí i, kí ẹ sì fi fóònù ya fọ́tò rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rúlà. Ẹ kọ́kọ́ fi han olóko. Tí kò bá mọ̀ ọ́n, Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ wà ní Àgọ́-Ìwòye nítòsí yín, àwọn tó ń kọ́ni nípa ẹranko àti ewéko sì wà níbẹ̀. Lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ kíláàsì JSS 2 pẹ̀lú àwòrán ọwọ́ ọmọ máa ń rí èsì ju bí ẹ ṣe rò lọ. Kí ọmọ tó gbé e wá ni kó kọ lẹ́tà náà fúnra rẹ̀.